Òkèhò pé ọgọ́rùn-ún ọdún ní pẹ̀tẹ́lẹ̀

Ẹ̀yin ọmọ Òkèhò nílé, lóko àti lẹ́yìn odi, ẹ kú oríire o! Láti 1917 tí àwọn baba yín ti sọ̀ kalẹ̀ láti ìlú àtijọ́ wá sí ilẹ̀ tí ẹ wà yìí, ọgọ́rùn-ún ọdún pé géérégé lọ́dún 2017. Onílù, ẹ fún ọwọ́ mọ́ gángan!

Kò sẹ́ni tó ń déédéé fi ilé baba rẹ̀ sílẹ̀. Láyé ogun, nígbà tí Fúlàní ń ti àríwá bọ̀, tí àwọn ará Dàhómì ń ti ìwọ̀-oòrùn wá kó ènìyàn lẹ́rú, abúlé mọ́kànlá ló kó ara wọn jọ sábẹ́ Ọ̀njọ, ọba Òkèhò, tí òkè sì yí wọn ká bí ọgbà.

Ní oṣù Kẹwàá 1916 ni ọ̀ràn bẹ́ sílẹ̀. Kóòtù tí ìjọba òyìnbó gbé kalẹ̀ ti gba agbára lọ́wọ́ àwọn àgbà, wọ́n sì ń fi tipátipá kó ènìyàn lọ ṣe ọ̀nà. Ìṣẹ́yìn dìde, Òkèhò dìde. Ẹ̀mí ṣòfò, títí kan ti Ọ̀njọ fúnra rẹ̀. Sójà dé, wọ́n tẹ ọ̀tẹ̀ náà rì, àṣẹ sì jáde pé kí gbogbo ìlú kúrò níbi tí òkè ti bò wọ́n.

Ṣé àṣẹ òyìnbó la wá ń jó fún ni? Rárá o! Àwọn tí wọ́n lé kúrò nílé, tí wọ́n tún ìlú tẹ̀ dó, ni mò ń kí. Lónìí, Òkèhò ni olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Kájọlà. Inú ọ̀dàn tí ẹmi àti igbá ti ń so ni wọ́n ti ń gbin iṣu, àgbàdo àti ẹ̀gẹ́. Àwọn ìyá ń po òrí, wọ́n ń se irú. Ẹ bi àwọn ará Ìbàdàn léèrè ibi tí èlùbọ́ ti ń wá!

Kábíyèsí Ọ̀njọ, kádé pẹ́ lórí, kí bàtà pẹ́ lẹ́sẹ̀. Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ máa ro àmàlà náà lọ, a ti fọwọ́!