Ẹni Tó Ṣáájú Kò Tíì Gbà Á

 

Tí ìdìbò abẹ́lé àwọn ẹgbẹ́ òṣèlú bá ti ń sún mọ́lé, wọ́n á wá bá wa nídìí àtẹ. Wọ́n á ní, "Lágbájá ló ń léwájú. Ẹ jẹ́ ká gbé àsíá fún un, kí ọ̀rọ̀ tán." Àwọn kan nínú wa ti lọ ṣe aṣojú rí, ìyẹn dẹ́lígéètì, nìdí tá a fi ní ká sọ tiwa. Èèyàn mélòó ló wà lẹ́yìn Lágbájá ná?

Òṣómàáló ni wọ́n ń pe àwọn bàbá wa nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Wọ́n á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí owó á fi pé. Ká ní èèyàn mẹ́ta jẹ wá ní ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá náírà lẹ́nì kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan san ẹgbẹ̀rún mẹ́rin, èkejì san mẹ́ta, ẹ̀kẹta san méjì. Ẹni àkọ́kọ́ ló san jù lóòótọ́, àmọ́ ṣé a máa pa orúkọ rẹ̀ rẹ́ nínú ìwé gbèsè? Ó tì o! Bẹ́ẹ̀ náà lẹni tó ní ogójì ìbò nínú ọgọ́rùn-ún. Ọgọ́ta ṣì wà lọ́dọ̀ ẹlòmíràn.

Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ rí. Ní oṣù kẹta ọdún 1993, àwọn aṣojú ẹgbẹ́ SDP pé jọ sí Jos. MKO Abíọ́lá ló ṣáájú, Baba Gana Kingibe tẹ̀ lé e, Atiku Abubakar ṣe ìkẹta. Ìbò Abíọ́lá kò tó ìdajì. Wọn ò torí pé ó ṣáájú kí wọ́n gbé àsíá fún un lójú ẹsẹ̀. Atiku yọwọ́, wọ́n tún ìbò dì láàárín àwọn méjì tó kù, Abíọ́lá sì borí. Kingibe tó bá a du ipò náà ló wá mú ṣe igbákejì. Nígbà tó di June 12, àwọn tó dìbò fún un lé ní mílíọ̀nù mẹ́jọ, ó sì ju ìdajì lọ dáadáa. Ìjọba ológun Babangida ló fagi lé e, ìyẹn kì í ṣe ẹ̀bi àwọn aṣojú.

Ẹ wá wo ti ọdún 1999. Àgbààgbà 23 ló jókòó ní òtẹ́ẹ̀lì D'Rovans n'Íbàdàn láti mú olùdíje ẹgbẹ́ AD láàárín Olóyè Olú Fálaè àti Olóyè Bọ́lá Ìgè, ọmọ Ẹ̀sà-Òkè tiwa níhìn-ín. Fálaè ni wọ́n mú. A ò sọ pé kò yẹ lẹ́ni tí wọ́n ń mú. Ohun tá à ń sọ ni pé èèyàn 23 kéré jù láti mọ ọkàn gbogbo ọmọ ẹgbẹ́. Ìbínú tó tibẹ̀ wá ò tán bọ̀rọ̀ nínú Afẹ́nifẹ́re.

Àwọn kan á ní ìdìbò ẹlẹ́ẹ̀kejì ń náni lówó, pé àwọn tó wà lẹ́yìn lè fi dìtẹ̀ mọ́ ẹni tó ṣáájú. A gbọ́, ìdìtẹ̀ wà lóòótọ́. Àmọ́ ẹni táráyé fẹ́, ìbò kejì á tún gbé e ga sí i ni. Ẹni tó jẹ́ pé owó ló tì í síwájú, òun lẹ̀rù yóò máa bà. Irú ẹni bẹ́ẹ̀, tó bá wọlé, kò jẹ ọjà ní nǹkan kan. Tá a bá ní òrùlé ń jò, tá a ní gọ́tà ti dí, á ní òun ti sanwó wa fáwọn aṣojú.

Torí náà, ẹnikẹ́ni nínú wa tí ẹgbẹ́ rẹ̀ bá rán lọ, ẹgbẹ́ yòówù kó jẹ́, ohun tá a fẹ́ kò pọ̀. Kó má gbowó ẹnikẹ́ni. Tí kò bá sẹ́ni tó ní ju ìdajì lọ, kó dìde, kó ní kí wọ́n tún un dì. Tó bá dé, kó wá jábọ̀ nípàdé ọjà.

Ẹ lóṣòó tì wọ́n o, títí á fi pé.