Ọjọ́ tí Wọ́n Gbé Adé fún Ẹni tí Kò Gba Gbẹ́rẹ́

Ọ̀rọ̀ sinimá ni mo gbé wá lọ́sẹ̀ yìí. Ẹni tó bá ní eré ọmọdé ni sinimá, kí ó fara balẹ̀ kà á dé ìsàlẹ̀ kí ó tó pòṣé.

Ṣaworoidẹ ni mo ń wí. Túndé Kèlání ló darí rẹ̀, olóògbé Ọ̀jọ̀gbọ́n Akínwùmí Ìṣọ̀lá ló kọ ìtàn rẹ̀, ó sì jáde ní 1999. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín ti wò ó tó ẹ̀ẹ̀marùn-ún. Èmi náà ti wò ó títí mo fi mọ ibi tí olúkúlùkù yóò ti wúkọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí tíṣà kan ládùúgbò wa ní Èkó-Endé níbí gbé tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ lálẹ́ Sátidé tó kọjá, ilé kò gba èrò. Àwọn kan ti Ìnísà wá, ọ̀kadà gbé méjì wá láti Òkukù, ìyá aláṣọ kan tó ń ná ọjà Ìkìrun sì jókòó síwájú gan-an lórí àga tó gbé wá láti ilé rẹ̀. Nígbà tí sinimá parí, kò sí ẹni tó dìde. Àríyànjiyàn ló bẹ́ sílẹ̀: ta ló ba Jogbo jẹ́?

Ìyá aláṣọ ní àwọn onígẹdú ni, nítorí àwọn ló gbé owó wọ̀lú. Tíṣà onílé ní Lápitẹ́ ni, kí ni a tún ń wá kiri? Bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ní Lágàta sójà ni, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka gbogbo ìjọba ológun tó ti jẹ ní ilẹ̀ yìí láti 1966, ó kù díẹ̀ kí oorun gbé wa lọ. N kò fara mọ́ ti ẹnikẹ́ni nínú wọn, n ó sì sọ ìdí rẹ̀.

Fún ẹ̀yin tí ẹ kò tíì wò ó, báyìí ni ìtàn náà lọ. Àwọn baba ńlá ìlú Jogbo ti mulẹ̀. Ìlù kan wà tí wọ́n so ṣaworo idẹ mọ́, adé kan wà tí wọ́n fi idẹ ṣe, gbẹ́rẹ́ sì wà tí wọ́n gbọ́dọ̀ sín fún ẹni tó bá fẹ́ jọba. Okùn kan náà ni wọ́n fi so mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọba tó bá gba gbẹ́rẹ́ ti bá ìlú dá májẹ̀mú, kò sì ní lè fi ipò rẹ̀ kó ọrọ̀ jọ fún ara rẹ̀. Èyí tó bá dé adé láìgba gbẹ́rẹ́, ọjọ́ tó bá gbọ́ ìró ṣaworoidẹ ni orí yóò fọ́ ọ, tí yóò sì gbabẹ̀ kú.

Lápitẹ́, ẹni tí Kọ́lá Oyèwọ̀ ṣe, mọ gbogbo èyí dájú. Adé wù ú, gbẹ́rẹ́ kò wù ú. Nígbà tí àkókò tó pé kí ó wá gbà á, ìbọn ló yọ sí wọn.

Ibẹ̀ yẹn gan-an ni kí a dúró sí, ẹ jọ̀ọ́. Èèyàn mélòó ni ìbọn náà dojú kọ? Wọn kò pọ̀. Ẹ̀rù bà wọ́n, n kò sì bá wọn wí fún ti ọjọ́ náà, nítorí ta ni yóò na àyà rẹ̀ sí ìbọn? Ṣùgbọ́n ọjọ́ kejì ńkọ́? Oṣù tó tẹ̀ lé e ńkọ́? Lápitẹ́ kò lè yọ ìbọn sí gbogbo wọn tọ̀sán-tòru. Ó ń sùn, ó ń jẹun, ó ń wẹ̀. Àwọn tó mọ̀ pé abẹ kò kan orí ọba yìí ń wọlé, wọ́n ń jáde, wọ́n ń dọ̀bálẹ̀ fún un láàárọ̀, wọ́n ń kí i ní Kábíyèsí. Ìgbà tó pẹ́ díẹ̀, kò tún nílò ìbọn mọ́. Àwọn onígẹdú dé, wọ́n gbé àpò owó dání, ọba mú tirẹ̀, àwọn ìjòyè mú tiwọn. Láti ọjọ́ náà, ẹnu tó yẹ kó sọ̀rọ̀ ti kún fún oúnjẹ.

Wọ́n gé igbó Jogbo bí ẹni ń fá orí ọmọ tuntun. Oko àwọn àgbẹ̀ bàjẹ́, àwọn ọ̀dọ́ sì bínú. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń rìnrìn àjò òru mọ bí ọkọ̀ agbégi ṣe rí lójú ọ̀nà, n kò ní láti ṣàpèjúwe rẹ̀.

Onílù nìkan, Àyàngalú, ni kò dúró bá wọn jẹun. Òun gbé ìlù, ó sá. Àwọn kan lè ní ojo ni, èmi kò rò bẹ́ẹ̀. Nígbà tí gbogbo ìlú bá ti gbàgbé ohun tí wọ́n jọ bára wọn sọ, ó dára kí ẹnì kan wà níbì kan tí ẹ̀rí ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìtàn náà gùn, n kò lè ka gbogbo rẹ̀ tán níhìn-ín. Adé idẹ sọnù láàfin, ọba ké sí Lágàta sójà pé kí ó bá òun gbà á padà. Ó gbà á padà lóòótọ́, ṣùgbọ́n orí ara rẹ̀ ló gbé e lé. Kúnlé Bámtẹ́fá ló ṣe Lágàta, ó sì ṣe é débi pé n kò tíì lè rẹ́rìn-ín sí i títí di òní. Ọ̀gágun Sani Abacha kú ní oṣù kẹfà ọdún 1998. Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 1999 ni àwọn ológun gbé ìjọba sílẹ̀ fún alágbádá. Ọdún yẹn gan-an ni sinimá yìí jáde. Kò sí ẹni tó ní láti ṣàlàyé Lágàta fún ará ọjà. Òun náà kò gba gbẹ́rẹ́, kò tilẹ̀ mọ̀ pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wà. Ọjọ́ ìwúyè rẹ̀ ni ṣaworoidẹ dún, ọjọ́ náà ló sì kú.

Àwọn èrò ọ̀dẹ̀dẹ̀ pàtẹ́wọ́ níbi yìí. Èmi ò pàtẹ́wọ́. Mo ń wo àwọn ìjòyè.

Lápitẹ́ lọ, Lágàta lọ, àwọn ìjòyè wà síbẹ̀. Kèlání àti Ìṣọ̀lá fúnra wọn mọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí ní 2002 wọ́n tún gbé Agogo Èèwọ̀ jáde. Nínú èyí, ọba tuntun dé, Adébòsípò, ọlọ́pàá tó ti fẹ̀yìn tì, èèyàn gidi. Ta ni ó bá láàfin? Balógun náà nìyẹn, tí Lérè Pàímọ́ ṣe, pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, wọ́n ṣì ń wá ọ̀nà tí owó ìlú yóò gbà dé àpò wọn. Ó di dandan kí wọ́n fi agogo èèwọ̀ mú àwọn ìjòyè búra, bí ó ti yẹ kí wọ́n fi gbẹ́rẹ́ mú ọba. Ìdáhùn mi sí ìbéèrè Sátidé nìyẹn. Àwọn tó rí i pé abẹ kò kan orí, tí wọ́n sì jókòó sídìí oúnjẹ, àwọn ló ba Jogbo jẹ́.

Tíṣà onílé ní mo ń gbè sẹ́yìn ọba. Rárá o. Ẹni tó bá mọ ìtàn Ọ̀yọ́ mọ̀ pé ìjòyè lè burú ju ọba lọ. Baṣọ̀run Gáà, ẹni tó yẹ kó máa kó ọba ní ìjánu, òun ló ń pa ọba lọ́kọ̀ọ̀kan, tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń kó owó òde káàkiri, títí Aláàfin Abíọ́dún fi rẹ́yìn rẹ̀ ní nǹkan bí 1774. Olóògbé Adébáyọ̀ Fálétí kọ eré onítàn lórí Gáà yìí. Fálétí kan náà ló ṣe Bàbá Òpálábá nínú Ṣaworoidẹ, àgbàlagbà tó ń fi òwe gún ọba lára. Ọkùnrin náà ti mọ̀ tipẹ́tipẹ́ pé ìhà méjèèjì ni ìbúra gbọ́dọ̀ dè.

Ibi tí mo ti bínú sí sinimá náà díẹ̀ ni ọ̀rọ̀ oògùn. Orí fọ́ ọba burúkú, ó ṣubú, ó parí. Ní ìlú tiwa, mélòó nínú àwọn tó kó owó ìlú jẹ ni orí tíì fọ́? Bí ó bá fọ́ wọn pàápàá, wọ́n á wọ ọkọ̀ òfurufú lọ gba ìtọ́jú lókè òkun. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo rò ó síwájú, mo rí i pé oògùn náà kò lè ṣiṣẹ́ bí ẹnì kan kò bá lu ìlù. Ọ̀pọ̀ ọdún ni Lápitẹ́ fi dé adé láìsí ewu, nítorí kò sí onílù nítòsí. Àwọn aláṣẹ mọ èyí ju àwa lọ. Ní 1964, nígbà tí Hubert Ògúndé gbé Yorùbá Ronú sórí ìtàgé, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn fi òfin dè é, kò sì rí ìdásílẹ̀ títí ìjọba ológun fi tú u sílẹ̀ ní 1966. Kò sí oògùn nínú eré Ògúndé. Ohùn ló wà níbẹ̀.

Ní Òkukù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa níbí, òyìnbó obìnrin kan, Karin Barber, bá àwọn ìyá tó ń ki oríkì gbé fún ọdún mélòó kan, ó sì kọ ìwé ńlá lórí rẹ̀, tó jáde ní 1991. Ohun tí mo rí dì mú nínú ìwé náà ni pé kò sí bí èèyàn ṣe lówó tó, kò lè dá ara rẹ̀ sọ di ńlá. Àwọn tó ń tẹ̀ lé e, tó ń kí i, tó ń ki oríkì rẹ̀, àwọn ló ń sọ ọ́ di ńlá. Bí wọ́n bá kẹ́yìn sí i, ọwọ́ rẹ̀ ti ṣófo. Àwọn ìyá Òkukù ti mọ èyí kí òyìnbó tó dé, ṣùgbọ́n ó dára bí ó ṣe kọ ọ́ sílẹ̀.

Kí ló mú mi wonkoko mọ́ ọ̀rọ̀ yìí? Lẹ́tà kan ni. Obìnrin ọlọ́jà kan ló kọ ọ́ sí mi, n kò ní dárúkọ rẹ̀, n kò sì ní dárúkọ ọjà rẹ̀. Ó wà nínú ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ kan tí àwọn ọlọ́jà àti àwọn tíṣà jọ ń dá owó sí. Wọ́n yan alága tuntun. Àṣà wọn ni pé kí a ka ìwé owó sétígbọ̀ọ́ gbogbo ẹgbẹ́ kí alága tó fọwọ́ sí i, kí ó tó gba kọ́kọ́rọ́. Èyí ní kò pọn dandan, ó ní ìwé kíkà a máa dá ìjà sílẹ̀ láàárín ọmọ ìyá. Lọ́jọ́ kẹta, àǹkárá ọ̀pá mẹ́fà àti àpò ìwé kan tí owó wà nínú rẹ̀ dé ilé ọmọ ìgbìmọ̀ kọ̀ọ̀kan. Obìnrin yìí gbà á. Ó ní aṣọ náà wà nínú àpótí, òun kò tíì rán an, òun kò sì lè sùn. Ó wá bi mí pé: ṣé èmi náà ti di ìjòyè Jogbo?

Ìyá mi, ẹ kò tíì dà á, ṣùgbọ́n ẹ ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ má rán aṣọ náà o. Ẹ má sì dá a padà fún un nílé rẹ̀ lálẹ́, nítorí kò ní sí ẹlẹ́rìí, bí ọ̀rọ̀ bá sì yí padà lọ́la, yóò ní ẹ gbà á, ẹ jẹ ẹ́. Ẹ gbé aṣọ àti àpò ìwé náà lọ sí ìpàdé, ẹ gbé e ka orí tábìlì lójú gbogbo ẹgbẹ́, kí ẹ sì sọ ibi tó ti wá. Ẹ má bú u. Ẹ má pè é ní olè, nítorí ẹ kò tíì rí ìwé. Ohun kan ṣoṣo ni kí ẹ béèrè: kí akọ̀wé ka ìwé owó láti ọjọ́ tí wọ́n ti kà á kẹ́yìn.

Kí ọjọ́ ìpàdé tó pé, ẹ wá mẹ́wàá nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tó ṣeé fọkàn tán, kí olúkúlùkù mú ìwé kékeré tí wọ́n ń kọ owó rẹ̀ sí wá. Ẹ jẹ́ kí tíṣà kan bá yín ṣírò rẹ̀, kí ẹ kọ iye tó wà lórúkọ ẹnì kọ̀ọ̀kan sí pépà kan. Nígbà tí akọ̀wé bá ń ka ìwé ńlá, ẹ máa fi wé tiyín. Bí wọ́n bá kọ̀ láti kà á, tí ẹgbẹ́ yín sì ní ìwé ìforúkọsílẹ̀, ìjọba ìpínlẹ̀ ní àwọn òṣìṣẹ́ tó ń bójú tó ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀, wọ́n sì lè wá yẹ ìwé náà wò. Lẹ́tà ni kí ẹ kọ sí wọn, kí ẹ̀yin mẹ́wẹ̀ẹ̀wá fọwọ́ sí i, kí ẹ sì tọ́jú ẹ̀dà kan.

Ẹ ní ẹ̀rù ń bà yín pé wọn kò ní ra ọjà lọ́wọ́ yín mọ́. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ fún oṣù kan tàbí méjì, n kò ní tàn yín. Nítorí náà, ẹ má dá nìkan lọ. Ẹ rí i pé méjì nínú àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ yòókù gbé aṣọ tiwọn dání pẹ̀lú yín. Mo gbọ́ nínú lẹ́tà yín pé ìyá elépo náà kò tíì rán tirẹ̀. Òun ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ bá. Ẹ tètè dé ìpàdé, ẹ jókòó nítòsí tábìlì, kí ẹ sì mú awò ojú yín dání, nítorí ọwọ́ ìkọ̀wé àwọn akọ̀wé ẹgbẹ́ a máa kéré.