Tọ́bò tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ṣe: ẹ má fi ìkánjú pa á

Òjò ti dé, gbogbo èèyàn ló ń wá katakata. Àsìkò yìí náà la máa ń gbọ́ ẹjọ́ kan: "Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tún tọ́bò ṣe ni, ó tún ti bàjẹ́. Mẹkáníìkì ti jẹ mí lówó!"

Lójú tiwa, lọ́pọ̀ ìgbà, kì í ṣe mẹkáníìkì. Ìkánjú ni.

Tọ́bò lè yí ju ìgbà 100,000 lọ láàárín ìṣẹ́jú kan. Ọ́ìlì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni kò jẹ́ kí irin jẹ irin. Èyí tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ṣe sì lè gbẹ nínú. Nítorí náà:

1. Ẹ kọ́kọ́ wá ohun tó ba ti tẹ́lẹ̀ jẹ́. Bí páìpù ọ́ìlì bá dí, tàbí tí fíltà afẹ́fẹ́ ya tí iyanrìn ń wọlé, ohun kan náà ló máa pa èyí.

2. Ẹ pààrọ̀ ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì àti fíltà rẹ̀. Ẹ má fi gọ́ọ̀mù lẹ ẹnu páìpù ọ́ìlì. Tó bá já sínú, ó dí ọ̀nà nìyẹn.

3. Ẹ da ọ́ìlì tó mọ́ sí ihò tí ọ́ìlì ń gbà wọlé, kí ẹ fọwọ́ yí i. Ẹ ti dísù pa, kí ẹ wá sí kọ́kọ́rọ́ bíi ìṣẹ́jú àáyá 10 sí 15, kí ọ́ìlì ti dé ibẹ̀ kí ẹ́ńjìnnì tó dáhùn.

4. Tó bá dáhùn, ẹ jẹ́ kó máa dún jẹ́jẹ́ fún ìṣẹ́jú 3 sí 5. Ẹ má tẹ̀ ẹ́ rárá. Ẹ wò ó bóyá ọ́ìlì ń jò.

5. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí ẹ tó pa á. Tí ẹ bá pa á lójijì lẹ́yìn iṣẹ́ líle, ọ́ìlì á jóná mọ́ ọn nínú.

Ṣùgbọ́n awakọ̀ tí à ń sanwó éékà fún, ṣé ó lè ní sùúrù yìí? Kò lè ní in. Èrò wa ni pé kí olówó katakata san owó ọjọ́ àkọ́kọ́ fún un lọ́tọ̀, kó fi ṣe iṣẹ́ fúyẹ́, kì í ṣe títú ilẹ̀ líle. Ẹ̀yin tí ẹ háyà, ẹ má pariwo lé e lórí. Ìṣẹ́jú 5 ò lè ba oko jẹ́, àmọ́ bí katakata bá kú sáàárín oko, òjò ò ní dúró dè yín.

Ẹni bá fẹ̀sọ̀ pa èèrà, á rí ìfun inú ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí sétí awakọ̀ yín.