Ta Ni Ó Fi Ààlè Lé Ojú Ọ̀run?

Ẹ̀yin ará wa lẹ́yìn odi, àwa tí a ń pe ilé lálaalẹ́ mọ bí ó ti ń rí nígbà tí ẹni tí à ń pè bá wà lóko, níbi tí kò sí òpó ìbánisọ̀rọ̀. Sátẹ́láìtì tí ń yípo nítòsí ayé, tí ó lè bá fóònù àpò sọ̀rọ̀ tààrà, lè mú ìnira yìí kúrò. N kò bá a jà. Òfin tí a fi ń pín ọ̀nà rẹ̀ ni mo ń bá wíjọ́.

Àjọ ITU ní Geneva ni àwọn orílẹ̀-èdè ń kọ̀wé sí nípa ìgbì rédíò àti ọ̀nà tí sátẹ́láìtì yóò máa gbà. Òfin àjọ náà pe méjèèjì ní ọrọ̀ tí kò pọ̀ lọ títí, tí ó yẹ kí gbogbo orílẹ̀-èdè rí ìpín tí ó tọ́ nínú rẹ̀. Síbẹ̀, ẹni tí ó bá kọ́kọ́ kọ̀wé ni ó ń gba iwájú. Ẹni tí ó dé lẹ́yìn ni yóò máa yà fún un. Ó dàbí ìgbà tí ènìyàn fi ààlè lé igbó tí kò tíì ṣán. Ní 2021, Rwanda nìkan kọ̀wé fún sátẹ́láìtì 327,320!

Ìpàdé Sharm el-Sheikh ní 2019 gbìyànjú: lẹ́yìn ọdún 7 àkọ́kọ́, kí olúwarẹ̀ gbé ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún sókè láàárín ọdún 2, ìdajì láàárín ọdún 5, gbogbo rẹ̀ láàárín ọdún 7. Ẹ ṣírò rẹ̀: ọdún 14. Ọmọ tí a sọ lórúkọ lónìí yóò ti wà ní ilé-ẹ̀kọ́ girama.

Ní 1988, àjọ yìí kan náà ya ipò sọ́tọ̀ fún orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan láàárín àwọn sátẹ́láìtì òkè réré, ìbáà jẹ́ olówó tàbí tálákà. Wọn yóò ní èyí tí ń sáré nítòsí ayé kò ní ojú kan tí a lè pín. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ìgbì rẹ̀ ṣeé pín.

Ìgbì kò sì mọ ibodè. Èyí tí a dà sórí Ìdìróko yóò ta sí ilẹ̀ Benin, yóò sì lè dí òpó wọn lọ́wọ́ bí ìgbì kan náà bá ni wọ́n ń lò.

Ọ̀rọ̀ sátẹ́láìtì àti fóònù àpò yóò wá sórí tábìlì ní Shanghai ní 2027. Ìbò kan ni Amẹ́ríkà ní níbẹ̀, ìbò kan ni Benin ní. Ẹ̀yin onímọ̀ ẹ̀rọ inú wa, ẹ kọ̀wé sí ilé nísinsìnyí, kí aṣojú wa má ṣe dé Shanghai kí ó tó ka ìwé.