Oúnjẹ Oyin ní Sabon Tasha: Ṣé Kílófà ni Ìdáhùn?

Oyin sísìn wà lára àwọn iṣẹ́ tí a ń gba àwọn ọ̀dọ́ ilẹ̀ wa níyànjú láti dáwọ́ lé. Ẹni tí ó bá ka ìwé àwọn Òyìnbó lórí iṣẹ́ náà yóò rí i pé koríko kan wà tí wọ́n ń yìn púpọ̀. Kílófà ni orúkọ rẹ̀, koríko eléwé mẹ́ta tí ìtànná rẹ̀ ń bọ́ oyin, tí màlúù ń jẹ, tí ó sì ń dá ọ̀rá padà fún ilẹ̀. Ìbéèrè tí ó kan àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n fi Sabon Tasha ṣe ibùgbé ni pé, ǹjẹ́ ó yẹ kí ènìyàn náwó lé irúgbìn yìí?

Ohun ọ̀gbìn ilẹ̀ tútù ni kílófà. Ó gba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti New Zealand. Ní Áfíríkà, orí òkè Ethiopia ni ó ti fìdí múlẹ̀. Oríṣi rẹ̀ tí ó lé ní 20 ni ó ń hù níbẹ̀, orílẹ̀-èdè náà sì wà ní iwájú nínú pípèsè oyin. Kàdúná kò rí bẹ́ẹ̀. Láti oṣù Kọkànlá títí di oṣù Kẹta, ekukáká ni òjò fi ń rọ̀, ọyẹ́ a sì mú kí ilẹ̀ gbẹ táútáú. Nígbà tí ILCA, ilé-iṣẹ́ ìwádìí ẹran ọ̀sìn fún Áfíríkà, ń wá ewéko tí àwọn Fúlàní yóò máa gbìn fún màlúù ní agbègbè Kachia lẹ́yìn ọdún 1978, kílófà kọ́ ni wọ́n yàn. Stylosanthes ni wọ́n mú, ìbátan ẹ̀wà tí ó lè fara da ọ̀dá.

Kí wá ni oyin agbègbè yìí ń jẹ? Igi ni púpọ̀ nínú rẹ̀. Emi, ìrúgbá, máńgòrò àti kajú ń tanná nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ìdí sì nìyẹn tí oyin fi ń pọ̀ nígbà náà. Àwọn àgbà ní ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Lónìí àáké náà ni ó ń run oúnjẹ oyin. A ń gé igi fún ìdáná àti èédú, iná ìgbẹ́ sì ń jó èyí tí ó kù.

Yóò dàbí ẹni pé kí olúkúlùkù gbin igi ni ìdáhùn. Ṣùgbọ́n àlejò lójú, kò fi ríran. Ní ọ̀pọ̀ ibi ní ilẹ̀ wa, ẹni tí ó gba ilẹ̀ dáko kò gbọdọ̀ gbin igi láìgba àṣẹ, nítorí igi a máa di ẹ̀rí ìní. Àwọn baba wa tí wọ́n san ìṣákọ́lẹ̀ lóko kòkó mọ òfin yìí dáadáa. Òfin Ilẹ̀ ti ọdún 1978 fi ilẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà, àmọ́ kò pa àṣà rẹ́. Ní ìlú tí ó ti rí rògbòdìyàn ní ọdún 2000, 2002 àti 2011, kò sí ọlọ́gbọ́n tí yóò fẹ́ kí igi máńgòrò mẹ́wàá di ìjà ilẹ̀. Kí ó kọ́kọ́ bá onílẹ̀ sọ̀rọ̀, kí àdéhùn sì wà lákọsílẹ̀ níṣojú ẹlẹ́rìí.

Ẹni tí kò bá lè gbin igi kò ṣàìní ọ̀nà. Yànmọ̀tí ń tanná nínú òjò, nígbà tí oúnjẹ oyin ṣọ̀wọ́n, ọjà rẹ̀ sì yá. Òtílí ń tanná bí òjò bá ń kásẹ̀ nílẹ̀, gbòǹgbò rẹ̀ jìn, ó sì ń dá ọ̀rá padà fún ilẹ̀ bíi kílófà. Ẹ̀wà náà wà níbẹ̀. Gbogbo wọn ni àgbẹ̀ ń kórè tà, kò sì sí onílẹ̀ tí yóò bínú sí wọn.

Ewu tí ó kù ni oògùn apakòkòrò. Ẹ̀wà tí a ń fín lóògùn léraléra a máa pa oyin tí ó bà lé ìtànná rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tí ó wà ní Samaru, Zaria, ti mú ẹ̀wà SAMPEA 20-T jáde, èyí tí ìjọba fọwọ́ sí ní ọdún 2019. Kòkòrò tí ń jẹ pódi ẹ̀wà kò rí i jẹ, nítorí náà oògùn tí a ń fín sí i dín kù. Ẹni tí kò bá ní irú rẹ̀, kí ó máa fín oògùn ní ìrọ̀lẹ́ nígbà tí oyin ti wọlé, kí ó sì bẹ aládùúgbò rẹ̀ láti ṣe bákan náà.

Oyin kò mọ ààlà oko. Nítorí náà, ẹni tí yóò bá sin ín ní Sabon Tasha gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ní ìrẹ́pọ̀ pẹ̀lú àwọn tí ó yí i ká, kí ó tó ra àpótí oyin kan ṣoṣo.