Ojú Lọ̀rọ̀ Wà

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ní ibùdókọ̀ CMS ní Marina, níbi tí afẹ́fẹ́ ọ̀sà ti ń fẹ́ lu èrò, mo dúró ti ìyá ẹlẹ́pà kan nígbà tí àtẹ̀jíṣẹ́ wọ orí fóònù wọn: àwòrán ọmọ tó nílò iṣẹ́ abẹ, orúkọ ẹgbẹ́ aláàánú kan, àti nọ́ńbà àkáǹtì. Ìyá náà nu iyọ̀ ẹ̀pà kúrò lára ìka, wọ́n fi ẹgbẹ̀rún kan náírà ránṣẹ́, wọ́n wá bi mí pé: “Bùọ̀dá, ta ló máa sọ fún mi bí ara ọmọ yìí bá yá?” N kò rí èsì fọ̀.

Àwọn àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Ní ọdún 1929, nígbà tí Ládípọ̀ Ṣólàńkẹ́ gbéra ní Lọ́ńdọ̀nù láti wá tọrọ owó ilé tí àwọn ọmọ WASU, ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, yóò máa gbé níbẹ̀, ọkọ̀ ojú omi ló wọ̀, tó sì ń lọ láti ìlú dé ìlú ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà títí di 1932, tí Èkó Àkéte, ilé ọgbọ́n, kò gbẹ́yìn níbẹ̀. Ẹni tó dá ṣílè kan rí ojú ẹni tó gbà á, ilé náà sì ṣí ní 1933.

Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ojú kò sí. Ìṣirò ló gbọdọ̀ di ojú. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2020, nígbà ìwọ́de EndSARS tí àwọn ọ̀dọ́ fi tako ìwà ìkà àwọn ọlọ́pàá SARS, àwọn ọ̀dọ́bìnrin ẹgbẹ́ Feminist Coalition rí owó tó lé ní mílíọ̀nù 147 náírà gbà. Nígbà tí a dí ọ̀nà ìsanwó mọ́ wọn, wọ́n yà sí Bitcoin. Ṣùgbọ́n ohun tí mo gbà pé ó fi ọkàn àwọn tí kò mọ̀ wọ́n rí balẹ̀ ni pé wọ́n ń kọ iye tó wọlé àti iye tó bá ìtọ́jú aláìsàn àti oúnjẹ lọ síta, kí tọmọdé tàgbà lè kà á.

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, ṣùgbọ́n ọwọ́ tí kò mọ ibi tí ẹ̀bùn àná wọlẹ̀ sí yóò ká kò lọ́la. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ aláàánú, ẹ má wí pé owó olùṣírò wọ́n jù fún yín: ìwọ̀n ọ̀rọ̀ tí ẹ fi tọrọ tó láti fi jíyìn, ibi tí ẹ sì ti tọrọ ni kí ẹ ti jíyìn. Fóònù tó gbé ẹ̀bẹ̀ yín dé ọ̀dọ̀ ìyá ẹlẹ́pà kò ṣàì lè gbé ìròyìn ọmọ náà padà dé ọ̀dọ̀ wọn.