Kí Ni Ẹ̀ṣẹ̀ Ẹni tí ó Ráhùn?

Àwọn kan ń wí pé agbanisíṣẹ́ ni ó ni iṣẹ́, nítorí náà kí ó lé ẹni tí ó bá wù ú. Àwa kò gbà. Àgbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú yín, ẹ sì ń gba alágbàṣe. Bí ó bá wí pé oúnjẹ ọ̀sán kò tó, ǹjẹ́ ẹ óò lé e lóko kí ilẹ̀ tó ṣú?

Ní Amẹ́ríkà, àfi ìpínlẹ̀ Montana tí ó ṣe òfin tirẹ̀ ní 1987, agbanisíṣẹ́ lè lé òṣìṣẹ́ láìsọ ìdí, bí òfin kan pàtó kò bá ti dí i lọ́wọ́. Àwa ńkọ́? Òfin Iṣẹ́ Nàìjíríà kò béèrè ju ìfitónilétí lọ: ẹni tí ó ti ṣiṣẹ́ ọdún 5, oṣù 1 péré ni tirẹ̀. Òṣìṣẹ́ a fi ẹjọ́ máníjà sùn, wọn a ka owó oṣù kan lé e lọ́wọ́, ó parí! Bí ó bá pe ẹjọ́ pàápàá, owó ìfitónilétí náà ni ó sábà máa ń rí gbà.

Àdéhùn 158 ti àjọ ILO, èyí tí wọ́n ṣe ní 1982, wí pé ẹ̀sùn tí òṣìṣẹ́ fi kan agbanisíṣẹ́ pé ó rú òfin kì í ṣe ìdí láti lé e. Nàìjíríà kò tí ì fọwọ́ sí i. Lóòótọ́, láti ìgbà àtúnṣe òfin ìpìlẹ̀ ti 2010, àwọn adájọ́ kan ní ilé-ẹjọ́ ọ̀ràn iṣẹ́ ti ń bi agbanisíṣẹ́ léèrè ìdí. Ṣùgbọ́n ohun tí adájọ́ kan gbà, òmíràn lè kọ̀ ọ́. Inú òfin ni a fẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sí. Ẹ bi aṣòfin yín léèrè ibi tí ó dúró sí.